Bàbá Ṣólọ́kọ̀, Ọmọ Kọ̀ǹpútà

Ọkọ mi Moshood kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ́bodè ní èbúté Wàrì ni àìsàn náà ti mú un: bí o bá kí i káàárọ̀, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ bóyá o gbé nǹkan pamọ́, kó tó dá ọ lóhùn. Òun fẹ̀yìntì, àìsàn náà kò fẹ̀yìntì. Nígbà tí gbogbo ayé wá ń fi fóònù bá AI sọ̀rọ̀, tí àwọn oníbàárà mi lọ́jà Igbudu ní Wàrì níbí, níbi tí mo ti ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnì, ń bi í léèrè irú aṣọ tó yẹ kí wọ́n rán, Moshood ní òun kò ní fi ẹnu ara òun ta ara òun fún òyìnbó.

"Gbogbo ohun tí o bá bi í, Amẹ́ríkà ló ń lọ," ó wí fún mi. "Wọ́n ń kó o jọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n á tú u síta."

Mo ní, "Bàbá Qoyum, kí lẹ fẹ́ bi í tí Amẹ́ríkà á fi jókòó máa gbọ́?"

Ọkùnrin tó jẹ́ pé àṣírí rẹ̀ tó tóbi jù lọ ni pé ó máa ń bu ṣúgà sí tíì nígbà tí dókítà ti ní kó má fẹnu kàn án! Síbẹ̀ ó dá a lójú pé àwọn kan wà níbìkan lókè òkun tí wọn kò rí oorun sùn nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Báyìí ló ṣe lọ bá Kingsley, ọmọ Urhobo kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Effurun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wàrì. Kingsley sọ fún un pé èèyàn lè ní AI tirẹ̀ nínú ilé, pé kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ohunkóhun tí èèyàn bá bi í kò ní jáde kúrò nínú pálọ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ojú ọkọ mi ti ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n gbé e dé ní ọ̀sán Sátidé. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan ni, dúdú, ó ga dé orúnkún mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ gíláàsì, iná pupa àti búlúù sì ń bù yẹ̀rì nínú rẹ̀ bí ilé ọtí. AI náà tóbi jù fún dátà wa, ìdí nìyẹn tí Kingsley fi gbà á sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó sì gbé e wá nínú àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ.

"Oga Customs, everything dey inside," ó wí bó ṣe ń so wáyà pọ̀. "Even if all network for Naija die today, this one go still dey answer you. E go dey hot small sha. And no be the big brain be this o. Na the small one wey your machine fit carry."

Ọkọ mi gbọ́ apá àkọ́kọ́. Apá kejì kò wọ̀ ọ́ létí, kò sì wọ̀ ọ́ títí di òní olónìí.

Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Pálọ̀ gbóná. Àwa tí a máa ń ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé, a wá ń ṣí i kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Bí iná ìjọba bá lọ, Moshood á sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ kan náà tí kì í tàn nígbà tí ẹja mi bá ń bàjẹ́ nínú fíríìjì. Bó bá bi ẹ̀rọ ní nǹkan, ọ̀rọ̀ á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí omi ẹ̀rọ tó fẹ́ dá. Òun á sì ká ọwọ́ mọ́ àyà níwájú rẹ̀, á máa mi orí bí ẹni ń gbọ́ wáàsí.

"Ṣé o rí i? Ó ń ronú."

"Epo bẹntiróòlù ló ń mu," ni mo dá a lóhùn.

Kí n má tilẹ̀ sọ ti Yorùbá rẹ̀. Kò mọ àmì ohùn, á sì máa da ọ̀rọ̀ rú bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ní Ṣàgámù fi ọmọ rẹ̀ fún ọkọ, Moshood ní kí ẹ̀rọ bá òun kọ ọ̀rọ̀ ìkíni. Ẹ̀rọ kọ ọ́. Ọkọ mi kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù: "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìgbéyàwó ọmọ yín. Ọlọ́run á tù yín nínú, kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́." Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin yẹn kò pè é mọ́. Moshood ní ìlara ló ń ṣe é.

Bó bá jẹ́ inú ilé wa nìkan ni ìranù náà mọ sí, ǹ bá fara mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Ọmọ Ògùn ló gbé e jáde. Ẹgbẹ́ àwa tí àwọn baba wa ti Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Rẹ́mọ wá ṣòwò ní Wàrì tí wọn kò sì padà mọ́ ni. Lóṣooṣù la máa ń pàdé nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan tí a háyà ní Effurun. Àwọn àgbà á sọ Yorùbá, àwọn ọmọ wọn á fi Píjìn dá wọn lóhùn, a ó jẹ ìrẹsì, a ó jà díẹ̀, a ó túká. Ní ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ ń kọ́ gbọ̀ngàn tiwọn lọ́wọ́, alága wa, Alhaji Abdulrasheed tó ń ta táìlì ilẹ̀ ilé, wá ní ó yẹ ká ní ìwé ìtàn kékeré kan tí a ó pín lọ́jọ́ tí a bá ń ṣí i: ta ló kọ́kọ́ dé, báwo la ṣe tẹ̀dó. Moshood ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó dìde, ó tún kọ́là ṣe, ó ní ìtàn náà á ti wà nílẹ̀ kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀.

Nígbà tí a délé, mo ní kó lọ bi ìyá mi. Yàrá kan ni màámi ń gbé ní Igbudu. Ìyàwó tuntun ni wọ́n nígbà tí wọ́n mú wọn wá sí Wàrì, kò sì sí ẹni tó dàgbà jù wọ́n lọ mọ́ nínú gbogbo wa. Mo ní kó ra búrẹ́dì dání, kó jókòó tì wọ́n ní ọ̀sán kan péré.

"Màámi ti ń gbàgbé nǹkan," ó ní. "Lọ́jọ́ Iléyá, Qoyum ni wọ́n pè mí. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé."

"Ẹ̀rọ tí kò mọ nǹkan kan, kí ló fẹ́ gbàgbé?"

Ó pòṣé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èdè òyìnbó ló fi bi í: ta ni ọmọ Ìjẹ̀bú tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Wàrì, kí ló sì gbé ṣe? Mo wà ní kíṣìnì, mò ń gbọ́ fáànù tó ń ké. Kí n tó sọ ẹ̀wà kalẹ̀, wọ́n ti bí Ṣólọ́kọ̀.

Ọdúmákin Ṣólọ́kọ̀ ni ẹ̀rọ pè é lódindi. Ó ní jagunjagun ni, oníṣòwò pàtàkì ni, olóore ni pẹ̀lú. Ó ní ó ti Ìjẹ̀bú wá pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, nígbà tí òyìnbó kò tíì máa pàṣẹ nílẹ̀ wa, ó gúnlẹ̀ sí Ogbe-Ijoh létí odò Wàrì, àwọn ará ibẹ̀ sì tú jáde pẹ̀lú orin wá pàdé rẹ̀. Ó ní ó parí ìjà láàárín ẹ̀yà àti ẹ̀yà. Ó ní nígbà tó kú, gbogbo odò dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo kà á tán, mo tún un kà.

"Ta ni Ṣólọ́kọ̀?"

"Baba ńlá wa," ni Moshood wí.

"Ọmọ ilé ta ni? Ìjẹ̀bú wo ló ń sọ ọmọ rẹ̀ ní Ṣólọ́kọ̀?"

"Ìwọ lo mọ gbogbo orúkọ Ìjẹ̀bú tán?"

"Níbo ni ẹ̀rọ ti gbọ́ ọ, Bàbá Qoyum?"

"Inú rẹ̀ ló wà," ó ní. "Ṣé o kò gbọ́ ohun tí Kingsley wí ni? Everything dey inside."

Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí àpótí kan kọjá ní bodè láìtú u wò dé ìsàlẹ̀, kọ̀ǹpútà àlòkù gbé odidi baba ńlá fún un, ó gbà á láìwo ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u sí Yorùbá, ó sì fi àdùn díẹ̀ kún un. Ó kà á pẹ̀lú ohùn tí kì í lò nílé. Ó dé ibi tí odò ti dákẹ́ rọ́rọ́, gbogbo kíláàsì náà dákẹ́ rọ́rọ́. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. N kò rí i. Alhaji Abdulrasheed yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu omijé.

"Ṣólọ́kọ̀!" ó ní. "Bàbá bàbá mi máa ń dárúkọ rẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà, n kò mọ ẹni tó jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ wa ni, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀jẹ̀ ilé tiwa gan-an ni."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlámijí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí kò fara mọ́ ohun tí Alhaji wí rí, àní bí Alhaji bá ní ọjọ́ Jímọ̀ lòní, dìde fùú.

"Alhaji, ẹ má bínú o. Ìdílé ìyá tèmi ni Ṣólọ́kọ̀ ti jáde. Ẹ lè jẹ́ ẹrú tàbí àlejò lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò mọ ìyẹn."

"Ta lẹ pè ní ẹrú?"

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ara wọn ya nítorí ẹni tí a kò mọ̀ ní ìpàdé tó kọjá. Ọkọ mi ló là wọ́n níjà. Ó ní Ṣólọ́kọ̀ tóbi tó láti ní ìdílé méjì. Inú gbogbo wọn dùn sí èyí. Kí a tó jẹ ìrẹsì, wọ́n ti fi ọwọ́ sí i pé Gbọ̀ngàn Ṣólọ́kọ̀ ni wọ́n á máa pe ibi tí wọ́n ń kọ́.

Ọjọ́ kan wá wà tí òjò kò jẹ́ kí n lọ sọ́jà. Moshood lọ sí mọ́sálásí. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì bi í, bí mo ṣe ń rí i tí òun ń ṣe: ta ni Islamiyat Alábọ́tìnì tó dá ọjà Igbudu sílẹ̀? Èmi ni Islamiyat. Bọ́tìnì ni mò ń tà. N kò dá nǹkan kan sílẹ̀ rí láyé mi.

Ẹ̀rọ kò ṣiyèméjì. Ó ní akíkanjú obìnrin ni mí, pé èmi ni mo kó àwọn obìnrin jọ tí a fi ọwọ́ ṣán igbó ibẹ̀, pé mo bímọ púpọ̀, àti pé mo ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ mi sí afẹ́fẹ́ rere. Mo wá bi í léèrè Ṣólọ́kọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìlọrin ló ti wá, ẹṣin ló sì gùn dé. Ẹṣin! Nínú ẹrẹ̀ àti odò tó yí wa ká yìí.

Nígbà tí Moshood dé, mo pè é. Mo ní, "Ẹ wá kí òkú."

Ó ka gbogbo rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó. Mo rò pé ó ti yé e. Àánú rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ ṣe mí.

"Ìwọ lo kó o sí i lẹ́nu," ó ní. "O purọ́ fún un, ló ṣe dáhùn bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ kó sí i lẹ́nu?"

"Èmi béèrè ìbéèrè gidi."

"Ìlọrin ńkọ́? Ẹṣin ńkọ́?"

"Ó lè ti Ìjẹ̀bú lọ sí Ìlọrin ná, kó tó wá síbí. Àwọn èèyàn àtijọ́ máa ń rìn." Ó dìde, ojú rẹ̀ sì ti ń dán. "Wò ó, nǹkan tuntun nìyẹn. N ó fi kún un."

Ìgbà náà ni mo pinnu pé n ó mú màámi wá sí ìpàdé. Mo lọ bá wọn ní Igbudu, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.

"Ṣólọ́kọ̀?" wọ́n ní. "Ṣé ọkọ̀ ló bí i ni? Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo Ìjẹ̀bú tó wà ní Wàrì nígbà tí mo dé, mo mọ ilé wọn, mo mọ ìyàwó wọn, mo mọ ẹni tó ń lu ìyàwó rẹ̀."

"Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wá sọ nìyẹn, Màámi. Ẹ kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"N ó sọ ọ́," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ náà, mo mú wọn wọ kéké láti Igbudu, mo sì fi wọ́n jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Nígbà tí ìpàdé dé orí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn, mo dìde. Mo ní ẹni tó ń jẹ́ Ṣólọ́kọ̀ kò sí rí, kọ̀ǹpútà ọkọ mi ló hùmọ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ní èmi tí mo dúró níwájú yín yìí ti kú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń kùn. Moshood tẹjú mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó akọ̀wé," ni Alhaji wí, "ọ̀rọ̀ lọ́kọláya, ẹ máa yanjú ẹ̀ nílé."

"Ẹ má gbọ́ tèmi," mo ní. "Ẹ bi màámi. Wọ́n ti wà níbí kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú yín."

Gbogbo kíláàsì yíjú. Ó dàbí ẹni pé ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé obìnrin kan wà lẹ́yìn níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlámijí fúnra rẹ̀ lọ di màámi lọ́wọ́ mú wá síwájú. Ẹnì kan gbé àga onítìmùtìmù tí Alhaji ń jókòó lé fún wọn. Ẹlòmíràn gbé omi inú ike wá, ó bá wọn ṣí i. Wọ́n fún wọn ní máíkì. Màámi wo máíkì náà, wọ́n wo gbogbo èèyàn tó ń wò wọ́n, wọ́n sì fi ọwọ́ tún gèlè wọn ṣe.

"Ṣólọ́kọ̀," wọ́n ní. Ohùn wọn dún káàkiri kíláàsì náà. Ó ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu, wọ́n tún un wí. "Ṣólọ́kọ̀. Ó ga. Ó dúdú, eyín rẹ̀ funfun báyìí. Bó bá ń kọjá níwájú ilé wa, á fún mi ní ìpékeré."

Kíláàsì náà bú sí ariwo. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lu tábìlì, ẹnì kan ké Allāhu Akbar, ẹnì kan ké Halelúyà. Bí ẹ̀rọ bá sọ òótọ́, ọkùnrin náà ti kú kí wọ́n tó bí ìyá tó bí màámi. Gbogbo àwọn oníṣòwò tó kún ibẹ̀, tí wọ́n lè fi orí ṣírò èrè lórí ẹrù kọ̀ǹténà, kò sí ẹnì kan tó ṣírò ìyẹn. Mo jókòó. Kò sí ẹni tó rántí mọ́ pé mo ti dìde rí.

A wọ kéké padà sí Igbudu. A kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja yíyan, màámi sì ń wo ìta bí ọmọdé tí wọ́n mú lọ síbi eré.

"Màámi, ẹ rẹ́rìn-ín rẹ̀ níwájú mi. Ẹ ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀."

"Kò sí náà."

"Kí ló dé tí ẹ wá purọ́?"

Oníkéké ń jó lórí ìjókòó rẹ̀ sí orin tó ń gbọ́.

"Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú," wọ́n ní, "ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi mí sí. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n á máa tẹ fóònù. Ta ló bi mí ní nǹkan rí nínú ẹgbẹ́ yẹn? Òní ni wọ́n gbé àga fún mi. Òní ni wọ́n ṣí omi fún mi mu. Ìwọ wá fẹ́ kí n gba máíkì, kí n ní n kò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n dá mi padà sẹ́yìn?"

Mo ní kì í ṣe pé kí wọ́n ní wọn kò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sọ ti àwọn tí wọ́n mọ̀ ni.

"Àwọn tí mo mọ̀?" Wọ́n yọ ṣùtì. "Ta ló fẹ́ gbọ́ ti ìyẹn?"

Yàrá màámi kò jìnnà sí ilé wa, síbẹ̀ ọkọ mi kò ra búrẹ́dì kan lọ bá wọn.

Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti ń fi mọ́tò gbé màámi wá sí ìpàdé. Wọ́n sọ wọ́n ní Ìyá Ìtàn. Lóṣooṣù, Ṣólọ́kọ̀ ń ga sí i. Ó ní ìyàwó, ó ní ajá, ó máa ń fi èdè Ijaw kọrin. Moshood á gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á délé, á tẹ̀ ẹ́ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á rọ ọ́ gùn, á fi ogun méjì sí i. Nígbà tí Qoyum wá sílé lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt, ó ka ìwé náà tán, ó ní, "Mummy, who be this man?" Mo ní kó bi bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi wákàtí kan gbáko dá a lóhùn, ọmọ náà sì sùn lórí àga.

Ọjọ́ ìṣígbọ̀ngàn dé. Wọ́n fi kánópì yí ibẹ̀ ká. Wọ́n gbé àwòrán Ṣólọ́kọ̀ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, àwòrán tí wọ́n ní kí ayàwòrán kan fi ọpọlọ rẹ̀ yà. Alhaji ló san owó rẹ̀, ojú Alhaji sì ni ayàwòrán náà yà, ó kàn fi irùngbọ̀n sí i. Ọ̀gbẹ́ni Ọlámijí dúró níwájú rẹ̀, kò wọlé, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí imú ìdílé òun wà nínú àwòrán yìí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kó tó jókòó.

Iwájú ni wọ́n fi màámi sí, wọ́n sì jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n nítorí pé èmi ni mò ń di ọ̀pá wọn mú. Moshood bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà. Ó ti wá gùn, Ìlọrin wà níbẹ̀, ẹṣin wà níbẹ̀, ìpékeré náà kò gbẹ́yìn. Bó ṣe ń kà á, màámi fara tì mí.

"Obìnrin kan ni bàbá rẹ ń lé bọ̀," wọ́n ní.

"Kí lẹ wí?"

"Bàbá rẹ. Tó fi wá sí Wàrì. Obìnrin kan tó ti fẹ́ níyàwó ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló sá wá síbí. Bàbá rẹ wọ lọ́rì tẹ̀ lé e. Lọ́rì náà bàjẹ́ ní Sàpẹ́lẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, èébì bò ó mọ́lẹ̀ títí ó fi dé Ogbe-Ijoh. Nígbà tó máa fi rí i, obìnrin náà ti lóyún fún atukọ̀ kan."

Mo yíjú sí wọn. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí láyé mi. Bàbá tí mo mọ̀, tó ń ta aṣọ, tí kì í rẹ́rìn-ín, tó máa ń ní òwò ló gbé òun wá!

"Kí ló wá ṣe?"

"Kí ló fẹ́ ṣe? Ojú tì í. Ó ti sọ fún gbogbo ilé pé òun ń lọ mú ìyàwó òun padà. Kò lè dá nìkan padà. Ló bá dúró. Ó gba ààyè lọ́jà, ó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi ìyàwó mìíràn ránṣẹ́ sí òun. Èmi ni wọ́n rí. Nígbà tí mo dé..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́," ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣètò èrò wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wa, ó fi ìka sí ètè. "Ìyá Ìtàn, ẹ má bínú, Mà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn."

Màámi pa ẹnu wọn dé. Ọkọ mi ń pariwo ogun lórí máíkì. Mo gbé ọ̀pá wọn, mo di apá wọn mú, mo ní kí wọ́n dìde. A la àárín àwọn èèyàn kọjá. Àwọn kan ń kúnlẹ̀ kí màámi bí a ṣe ń lọ, wọ́n rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mò ń mú wọn lọ. A jáde sẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Kò sí ibòmíràn tí kò sí èèyàn. Mo rí búlọ́ọ̀kù kan, mo tẹ́ ìborùn mi lé e, wọ́n jókòó.

"Nígbà tí ẹ dé ńkọ́?" mo ní.

"Kí lo wí?"

"Mo ní nígbà tí ẹ dé!"

Wọ́n fa orí mi mọ́ra, wọ́n ń pariwo sí mi létí nítorí jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn dé, obìnrin náà ló wá pàdé àwọn ní etí odò. Àjọkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó gbé ẹrù àwọn, ó se oúnjẹ fún àwọn lọ́jọ́ tí àwọn kọ́kọ́ dé, ó kọ́ àwọn ní Píjìn. Títí bàbá mi fi kú, kò bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ àwọn ni, wọ́n ní, ọ̀rẹ́ tí àwọn fẹ́ràn jù lọ ní gbogbo Wàrì, ó sì rẹwà ju àwọn lọ.

Mo bi wọ́n pé ṣé òótọ́ ni gbogbo èyí, àbí Ṣólọ́kọ̀ mìíràn ni.

Màámi wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

"Ta ló máa jókòó purọ́ irú èyí?" ni wọ́n wí.